Tìrẹ Ni, Ṣùgbọ́n Ǹjẹ́ Ó Yẹ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Àwọn kan lè béèrè pé, "Kí ni ọkọ̀ ń wá láàrin ọ̀rọ̀ ìwà?" A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú nǹkan kékeré ni a ti ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́ nípa nǹkan ńlá.

Arákùnrin wa kan wà tí ń gbé ní ìlú London. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré ti àtijọ́. Lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, ó ra ọ̀kan, MGB GT tí wọ́n ṣe ní ọdún 1973. Ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti rà á. Ọkọ̀ náà ti lé ní ogójì ọdún lọ́wọ́ bàbá yìí. Ní ọjọ́ tí arákùnrin wa lọ gba kọ́kọ́rọ́, bàbá gbé fáìlì kan tí ó nípọn lé e lọ́wọ́. Gbogbo rìsíìtì ohun tí wọ́n ti ná sórí ọkọ̀ náà ni ó wà nínú rẹ̀: ti táyà, ti ọ̀dà, ti bírékì, títí dé orí ti gílóòbù iná kékeré. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú rẹ̀." Òun náà dáhùn pé, "Màá tọ́jú rẹ̀, sà."

Ìgbà ooru wá dé. Àwọn tí kò mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òtútù nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ náà kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 1973 yìí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ooru ẹ́ńjìnnì ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, oòrùn sì ń gba gíláàsì ńlá ẹ̀yìn wọlé. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti òde kan bọ̀, ìyàwó arákùnrin wa kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ṣé torí páànù tí ó wà lókè orí wa yìí ni a ó ṣe máa làágùn bí ẹni tí ń gún iyán?"

Mẹkáníìkì kan tí wọ́n mọ̀ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ní òun lè gé òrùlé ọkọ̀ náà, kí òun sì fi ìbòrí tí ń ṣí tí ń padé sí i, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní sunroof. Ó ní ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ni arákùnrin wa bá pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Owó wà, ẹni tí yóò ṣe é wà, ìyàwó mi sì fẹ́ ẹ. Kí ló dé tí ọkàn mi kò balẹ̀?"

Ìbéèrè yìí ni ó jẹ́ kí á kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ Ó JẸ́

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe MGB. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, òrùlé rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ aṣọ tí ó ṣe é ká. Ọdún 1965 ni GT tẹ̀ lé e. Òrùlé ti GT jẹ́ páànù irin, àwọn ọ̀jáfáfá ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì sì lọ́wọ́ nínú bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Abingdon ti ilẹ̀kùn pa ní ọdún 1980, gbogbo MGB tí wọ́n ti ṣe ti lé ní 500,000. Àwọn tí ó jẹ́ GT nínú wọn lé ní 120,000.

MGB kò ní ṣásí ọ̀tọ̀ lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Nítorí náà, òrùlé GT kì í ṣe ìbòrí lásán. Ó wà lára ohun tí ó di ọkọ̀ náà mú gírígírí.

Ẹni tí yóò fi sunroof sí i yóò wọn òrùlé náà, yóò gé ihò onígun mẹ́rin sí irin rẹ̀, yóò gé aṣọ tí ó tẹ́ abẹ́ òrùlé láti inú, yóò sì de férémù mọ́ etí ihò náà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń yọ́ lọ sẹ́yìn, ọ̀nà omi tóóró ni yóò máa gbé omi òjò lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà yìí, omi yóò sápamọ́ sínú ara ọkọ̀, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Irin tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn wà lára ibi tí ìdógùn-ún ti máa ń mú MGB jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ wà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ọjọ́ kan lè dá wàhálà ọdún mẹ́wàá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi àti irin ni a fẹ́ sọ. Bí oníṣẹ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, omi lè má wọlé. Ìbéèrè wa ni pé, bí ohun gbogbo bá tilẹ̀ lọ dáadáa, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó gé e?

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ Ó GÉ E

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí ó gé e ṣeré, nítorí pé wọ́n ní àwíjàre mẹ́rin tí ó nítumọ̀.

Èkínní, wọ́n ní: "Ọkọ̀ rẹ̀ ni. Owó rẹ̀ ni ó fi rà á, kò jí i. Ta ni yóò pàṣẹ fún un?"

Èkejì, wọ́n ní: "Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́." Òdodo ni. Ilé iṣẹ́ Webasto ti Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1901, ti ń ṣe òrùlé ọkọ̀ tí ó ṣe é ká láti ìgbà tí ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ. Nígbà tí MGB GT ṣì jẹ́ ọkọ̀ titun, àwọn tí ó ní i gan-an gbé e lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní: "Ó pọ̀ nílẹ̀. Èyí tí ó lé ní 120,000 kì í ṣe ohun tí à ń sunkún lé lórí."

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wúwo jù lójú wa: "Ènìyàn ni ó ṣe pàtàkì ju irin lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa jìyà ooru nítorí páànù ti sọ páànù di òrìṣà." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi mì wá. Kò sí ohun tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe tí ó yẹ kí á máa bọ.

KÍ NI A RÍ SÍ I?

Lórí èkínní, a gbà pé ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ronú díẹ̀. Bí a bá sọ pé ohun kan jẹ́ tiwa, a ti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni kò lè dá wa dúró? A kò tíì dáhùn èkejì: kí ni ó yẹ kí á ṣe? Ẹni tí ó ni oúnjẹ lè dà á nù, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú un. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín yóò yìn ín? Ẹ̀tọ́ a máa lé ẹlòmíràn sẹ́yìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. Kì í lé ẹ̀rí ọkàn sẹ́yìn.

Lórí èkejì, àwọn tí wọ́n gé òrùlé ọkọ̀ titun ní ọdún 1970 gé ohun tí ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣe lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ba ọ̀kan jẹ́, òmíràn ń jáde ní Abingdon lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó gé e lónìí ń gé ohun tí ọwọ́ tí ó ṣe é ti sinmi. Ayùn kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgbà ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara MGB titun. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ṣe ara ọkọ̀ náà fún àwọn tí tiwọn ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ara titun kì í ṣe ara èyí tí bàbá yẹn fi ogójì ọdún nù lọ́wọ́.

Lórí ẹ̀kẹta, a gbà pé iye rẹ̀ dín ọ̀rọ̀ náà kù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù láyé, ohùn wa ì bá le ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ń sọ pé tòun kò já mọ́ nǹkan nítorí pé ti ẹlòmíràn wà, báwo ni èyí tí a kò gé yóò ṣe kù? Bí olúkúlùkù bá mú ẹja kan péré nínú odò, ẹja yóò tán.

Ẹ̀kẹrin ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ìlérí.

Ìdí tí ọkàn arákùnrin wa kò fi balẹ̀ ni pé ó sọ fún bàbá pé, "Màá tọ́jú rẹ̀." Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. A kò kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé àdéhùn, kò sì sí kóòtù tí yóò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ìlérí ni. A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pe bàbá náà, kí ó sì bi wọ́n.

Ó pè wọ́n lóòótọ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ ni. Mo ti tà á. Ṣe é bí ó bá ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn."

Inú arákùnrin wa dùn. Ó tún pè wá, ó ní, "Wọ́n ti tú mi sílẹ̀!" Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fóònù. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, níbí gan-an ni àwa rò pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tú u sílẹ̀ nínú ìlérí tí ó ṣe fún bàbá. Ẹni tí a ṣe ìlérí fún lágbára láti dárí rẹ̀ jì wá. Ṣùgbọ́n ṣé bàbá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Ọkọ̀ yìí ti ju ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹlòmíràn ni ó ni ín kí ó tó dé ọwọ́ bàbá. Arákùnrin wa yóò ní i fún ìgbà tirẹ̀, ìgbà rẹ̀ yóò sì kọjá. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ẹnì kan tí a kò tíì bí lónìí yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ẹni yẹn kò ní fóònù tí a lè pè. Kò lè sọ pé, "Mo yọ̀ǹda." Ẹni tí kò lè yọ̀ǹda, tí kò sì lè kọ̀, ni ó yẹ kí á máa rò jù. Àwa tí a ń pe ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́ ní àmánà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó fi í fún wa nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí a ó fi í lé lọ́wọ́ náà wà ńbẹ̀.

OMI TÀBÍ AGBÈ?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ba ibi yìí mu. Bí ẹni tí ó lọ odò bá ṣubú, a máa ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èyí ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣì ní àtúnṣe. Odò ṣì wà, a ó pọn omiíràn. Ṣùgbọ́n bí agbè bá fọ́, a lè gán an, a lè fi okùn dì í, ojú àpá rẹ̀ kò ní jọ ojú ara.

Òṣùwọ̀n yìí ni a fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ohun àtijọ́. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá kábàámọ̀ lọ́la, omi ni n óò pọn, tàbí agbè ni n óò gán?

Nígbà náà ni ìbéèrè kan tí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú yóò fi yanjú. Wọ́n á ní: "Bàbá yẹn gan-an pààrọ̀ táyà, ó pààrọ̀ bírékì, ó tún ọkọ̀ náà kùn. Kí ló dé tí òrùlé nìkan fi di èèwọ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé táyà tí ó jẹ tán ni bàbá yọ, òmíràn tí ó jọ ọ́ ni wọ́n sì fi sí i. Ọ̀dà ṣe é họ. Gbogbo ìyẹn, omi ni. Irin òrùlé tí a gé kò jẹ, kò gbó, kò ṣe ohunkóhun. A yọ ọ́ nítorí pé ó wà níbi tí a fẹ́ kí òfìfo wà.

Bí ìyá àgbà bá fi aṣọ sányán sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà lè fọ̀ ọ́, ó lè tún etí rẹ̀ rán, ó lè máa ró o lọ sí òde ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Aṣọ ló wà fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú àlùmọ́gàjí, tí ó gé àárín rẹ̀ láti fi rán fìlà, a ó ti rí fìlà, aṣọ ìyá àgbà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ fìlà sì wà lọ́jà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rò báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ káàkiri àgbáyé ní àjọ kan tí ń jẹ́ FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ní ọdún 2012, àjọ náà fọwọ́ sí ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Turin Charter. Wọ́n fi ìwé ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ ní Venice ní ọdún 1964 nítorí àwọn ilé àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá di dandan kí á yí nǹkan padà lára ọkọ̀ àtijọ́, kí àyípadà náà má pariwo, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí ẹlòmíràn yóò lè dá padà, kí á sì kọ ohun tí a ṣe sílẹ̀. Ẹ rí i pé wọn kò sọ pé kí á gbé ọkọ̀ sínú gíláàsì kí á máa wò ó. Wọ́n ní kí á lò ó, ṣùgbọ́n kí á má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

TI ÌYÀWÓ ŃKỌ́?

Ó wá ku àwíjàre ẹ̀kẹrin, pé ènìyàn ju irin lọ. A gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ihò òrùlé nìkan ni ó lè gba obìnrin yìí lọ́wọ́ àìsàn, a ó ní kí wọ́n gé e lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí?

A bi arákùnrin wa pé: ǹjẹ́ gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta tí ó wà níwájú fèrèsé ń ṣí? Ó ní ó ti há, òun kò tíì tún un ṣe. Ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó máa ṣí síta díẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣí. Ǹjẹ́ ó tẹ́ ohun tí ń dá ooru dúró sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń wọlé? Rárá. Ǹjẹ́ ó ta aṣọ sí gíláàsì ẹ̀yìn nígbà tí ó bá gbé e síbi oòrùn? Rárá.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò tíì ṣí fèrèsé ni ó fẹ́ lu òrùlé! Èyí kì í ṣe ìfẹ́ ìyàwó. Ìkánjú ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó rọrùn tí ó sì yá, kò ní fi orúkọ rẹ̀ bo ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ń yún òun láti ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ọ̀run ni àwọn méjèèjì ń fẹ́ máa wò bí wọ́n ti ń lọ, MGB tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ wà. Òun ni ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn GT tí ẹlòmíràn ti gé òrùlé wọn láti ìgbà pípẹ́ wà pẹ̀lú. Kí ó ta èyí fún ẹni tí yóò fẹ́ ẹ bí ó ti rí, kí ó ra ìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù ohunkóhun.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

A kò sọ pé harámù ni kí ènìyàn fi sunroof sí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àná, tí ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣe irú rẹ̀, kí ó ṣe bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti jẹrà, tí ó di dandan kí á gé e kúrò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó ra èyí tí wọ́n ti gé ní ọdún 1975, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyẹn náà ti di ara ìtàn ọkọ̀ yẹn. Ohun tí a sọ ni pé láàrin ohun tí a kò kà léèwọ̀ àti ohun tí ó yẹ ọmọlúàbí, àyè ńlá wà, inú àyè yìí sì ni a ti ń mọ ìwà.

Àwa ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn àgbà yóò fi ilé, ìwé, aṣọ, ilẹ̀ àti orúkọ lé wa lọ́wọ́. Wọn yóò sọ fún wa pé tiwa ni, òdodo ni wọn yóò sì sọ. Kí á tó mú ayùn, kí á ṣí fèrèsé ná. Kí á bèèrè bóyá omi ni tàbí agbè. Kí á sì rántí ẹni tí kò tíì dé, tí kò lè bá wa sọ̀rọ̀.

Arákùnrin wa kò gé òrùlé náà. Ó tú gíláàsì tí ó há, ó tẹ́ ohun tí ń dá ooru dúró sí ìsàlẹ̀, ó sì gbé fáàànù kékeré kan sí iwájú fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ooru ṣì ń mú wọn díẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ó fi rìsíìtì iṣẹ́ náà sínú fáìlì bàbá, lẹ́yìn èyí tí ó kẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ ohun tí ó yẹ wá. Ó dìgbà kan ná.